Ọmọ Tí Wọ́n Ń Kéde Rẹ̀ Lórí Rédíò, Ọ̀dọ̀ Mi Ló Wà

Ọmọ tí wọ́n ń kéde rẹ̀ lórí rédíò láti àná, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Kò sọnù. Èmi ni mo gbé e. Admin gúrúùpù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí bí ẹnikẹ́ni nínú mọ̀lẹ́bí ọkọ mi bá ka èyí kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ó parí fún mi, ó sì parí fún ọmọ náà jù mí lọ. Ẹ̀bá ìlẹ̀kùn ni mo jókòó sí tí mo ń tẹ èyí. Ọmọ náà wà lórí ẹní níwájú mi, kò sùn, kò ṣeré, ó kàn dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn... Inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ìríra. Gbogbo wa pátá la kó mi ní ìríra, àwọn ará ilé ọkọ mi, àwọn àlejò wọn, èmi gan-an alára.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé torí iṣẹ́, àmọ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé bàbá ọkọ mi. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé náà, mi ò sì tíì bímọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo ṣì máa padà sórí ẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo bá ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀, ọmọ àbúrò ọkọ mi. Bàbá ẹ̀ wà ní Kùtọnu, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn síbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti padà sí Ìkòyí-Ilé, ó ń dáko. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ ló jẹ́ sí i. Orúkọ mìíràn ni ìyàwó máa fún un, orúkọ dídùn, Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó... Èmi náà wo ọmọ náà, mo rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn ẹ̀ gùn, ọwọ́ ẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo bá pè é ní Òpéléńgé. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní ìyàwó yìí mọ orúkọ í sọ. Ojú kì í kúkú rí arẹwà kó má kì í. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ń dàgbà lọ́jọ́ orí, kò ga sí i, kò sanra sí i, èmi ṣì ń pè é ní Òpéléńgé, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ. Ebi ni mo ń kí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ebi ni mo sọ lórúkọ.

Àlàájà wa yìí, ẹni táyé ń wárí fún ni o. Tí wọ́n bá ṣe Àsàláátù lọ́jọ́ Sunday tó bá kan ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, òun ni wọ́n máa ń gbé gbohùngbohùn fún. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, kò sí ọjọ́ tí kò ní pa òwe yẹn. Ohun tó máa ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa ọmọ náà lé òun lọ́wọ́, ó tọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀, ó mú ẹran, ó jẹ ẹ́. Ọmọ tí kò tíì ju ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ nígbà yẹn o! Àlàájà ní òun rí olè lójú ẹ̀, òun sì pinnu pé òun á wo ojúkòkòrò yẹn sàn. Ó wò ó sàn lóòótọ́. Tí àlejò bá wá, tí wọ́n bá jẹun tán, Àlàájà á pe ọmọ náà wọ pálọ̀. Á bu ẹran ńlá sínú àwo, á gbé e sórí àpótí níwájú ẹ̀, á ní kó dúró tì í. Àwa á máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ bí ẹni pé a ti gbàgbé. Nígbà mìíràn a ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátápátá, a ó fi òun àti ẹran sílẹ̀. Tí a bá wọlé padà, ẹran á wà bó ṣe wà, ọmọ á dúró gbọnrangandan, ọwọ́ lẹ́yìn, ojú nílẹ̀. Gbogbo èèyàn á wá pàtẹ́wọ́! Wọn á ní máṣà Alláà, wọn á ní kí Àlàájà wá bá àwọn kọ́ tàwọn náà. Àlàájà á gbé ẹran náà, á fún ọmọ àlejò tàbí kó dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ sọ fún mi, kí ló ṣe tí kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè pé ìgbà wo wá ni ọmọ yìí máa jẹ ẹran tiẹ̀? Èmi náà pàtẹ́wọ́ o. Mo tiẹ̀ ròyìn ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó wá wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́, kó lọ fi kọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ẹran jinná nínú ìkòkò.

Mo ti wá ń ronú sẹ́yìn báyìí, gbogbo ẹ̀ ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ náà kì í béèrè nǹkankan. Tí a bá jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, á ní òun ti yó, á sì kọ́kọ́ wo ojú Àlàájà kó tó sọ ọ́. Èwo nínú yín ni ìyá ẹ̀ kì í fi ojú bá wí níta? Torí náà kò jọ wá lójú. Oòrùn ìbáà máa jó wa, híjáàbù gígùn dé orúnkún kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, a ní ọmọ ẹlẹ́sìn ni. Irun ẹ̀ pọ́n, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, mo ro pé àìfi òróró sí i ni. Tí èèyàn bá kàn gbọ́wọ́ sókè láti tún gèlè ara ẹ̀ ṣe, ọmọ náà á ti fi orí pamọ́ sáàárín èjìká, a ó rẹ́rìn-ín, a ní ojú ń tì í. Mi ò gbọ́ ẹkún ẹ̀ rí. Ọmọ tí kì í sunkún! Ìyàwó ilé mìíràn tiẹ̀ máa ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi irú ẹ̀ ta òun lọ́rẹ. Èmi náà ṣe àmín, mo ní kó kàn mí. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi sọ pé mo kó ara mi ní ìríra?

Iléyá tó kọjá yìí lojú mi là. A lọ sí Ọ̀yọ́ ṣáájú ọdún, wọ́n ti so àgbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé, àgbò ńlá, ìwo ẹ̀ ká. Wọ́n ní Òpéléńgé ti sọ àgbò dọ̀rẹ́, pé láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, ìdí ẹ̀ ló máa ń wà, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń gbálẹ̀ ẹ̀. Ọkọ mi fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pa á, ẹkún ọmọ náà la kọ́kọ́ máa gbọ́. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ọdún, lọ́sàn-án gangan, mo bẹ iṣu tán, mo ní kí n lọ da èèpo fún àgbò. Bí mo ṣe yà ní igun ilé, mo rí ọmọ náà tó lóṣòó ti bàsíà àgbò. Èèrí ló wà nínú bàsíà náà, èèrí ògì tí wọ́n sẹ́, tó ti ń kan, eṣinṣin ń bò ó. Mo rò pé eré ló ń bá àgbò ṣe. Àgbò ki ẹnu bọ̀ ọ́, ọmọ náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń bu èèrí, ó ń fún omi ẹ̀ dànù, ó ń jẹ ẹ́. Kò jẹ ẹ́ bí ọmọ tó ń ṣeré. Ó ń yára, ó ń wo ẹ̀yìn, ó tún ń yára.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. Ẹ ò ní mọ bí ọmọ náà ṣe kúnlẹ̀. Orí ìgbẹ́ àgbò ló kúnlẹ̀ sí. Ó ní kí n ṣàánú òun, kí n má sọ fún wọn, pé èèrí lásán ni, pé òun ò fọwọ́ kan ẹran kankan. Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ènìyàn ń tọrọ àforíjì pé òun jẹ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ohun tó sì fi ń gbara ẹ̀ sílẹ̀ ni pé òun ò jẹ ẹran. Mo dojú kọ ògiri, mo bì. Gbogbo oúnjẹ àárọ̀ tí mo jẹ nílé Àlàájà ló jáde. Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ náà ti bu iyẹ̀pẹ̀, ó ti ń bo èébì mi mọ́lẹ̀, ó ní kí Àlàájà má baà rí i kó bínú sí mi.

Mo lọ bá ọkọ mi. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo àwọn nìyẹn, ṣé àwọn kú ni? Ó ní ọmọ tó bá ń jẹ èèrí, ojúkòkòrò ẹ̀ ni kò tíì tán. Mo ní ebi ni. Ó ní kí n má dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, pé ẹnu ìyàwó ò gba ọ̀rọ̀ ọmọ ilé, pé Àlàájà ló rán òun níléèwé. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀, ló bá wò mí, ó ní ẹni tí kò tíì bí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ títọ́. Ọkọ tí mo fẹ́ràn ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tún padà sídìí fóònù ẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n pa àgbò. Ọmọ náà kò sunkún. Òun ló ń gbé sàráà kiri láti òwúrọ̀, abọ́ lórí abọ́, ẹran tútù, ẹran díndín, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí èyí tó dín lọ́nà. Lẹ́yìn ìrun àsárì, àlejò kún pálọ̀, Àlàájà tún ní kó wá. Ó tún gbé ẹran síwájú ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mi ò wo ẹran, ọmọ náà ni mo ń wò. Mo rí ọ̀fun ẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Itọ́ ló ń gbé mì. Ọkùnrin kan nínú àlejò ní kí wọ́n fi ẹran itan kún un ká wò ó bóyá kò ní fojú sí i, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ àgbà tó wà ní pálọ̀ yẹn kò ṣeé kà, àwọn gan-an ni wọ́n ń wọ́ ọn lórí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, Àlàájà yíjú sí mi, ó rí i pé ọwọ́ mi wà nílẹ̀. Ó ń wò mí, ọkọ mi náà ń wò mí... Mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ohun tí mo rí ní ẹ̀yìnkùlé, mo tún pàtẹ́wọ́! Títí di ìsinsìnyí, mi ò lè wo àtẹ́lẹwọ́ mi kí inú má bí mi.

Ìjẹta ló yẹ kí n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ torí iṣẹ́. Ọkọ mi ní òun á dúró díẹ̀ sí i nítorí ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Bí mo ṣe ń gbé báàgì, Àlàájà di ẹran sínú abọ́ ike, ó gbé e fún ọmọ náà pé kó tẹ̀ lé ìyàwó wọn jáde, kó lọ gbé e fún ọ̀rẹ́ òun kan nítòsí gáréèjì. A jọ ń lọ. Mo búra fún yín, mi ò gbèrò nǹkankan. A dé oríta tó yẹ kó yà, ó kúnlẹ̀ pé ó dàbọ̀, mo bá gbọ́ ohùn ara mi tó ní kó máa tẹ̀ lé mi. Kò béèrè ibi tí à ń lọ. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ débi pé ẹnikẹ́ni ló lè ní kó tẹ̀ lé òun, kò ní béèrè. Mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀, ẹ̀rù sì bà mí torí kò wúwo, bí ẹni gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni. Ọmọ tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án! Ó di abọ́ ẹran náà mú láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá ẹran náà kò ní bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Nígbà tí mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ bọ́ híjáàbù. Nígbà tó bọ́ ọ... Mi ò ní kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ojú ṣíbí ló wà lẹ́yìn orúnkún ẹ̀ àti lókè apá, ṣíbí tí wọ́n fi sínú iná. Òmíràn ti di àpá, òmíràn ò tíì jinná. Àwọn ibi tí aṣọ máa ń bò nìkan ni o. Ẹni tó ṣe é mọ ibi tí ojú ayé kò ní dé. Mo béèrè ohun tó fa èyí tó wà lápá. Ó ní òun lá ọbẹ̀ tó kù lára ṣíbí ìbùbẹ̀ nígbà tí òun ń fọ abọ́, pé òun ló jẹ̀bi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá sílé. Ó bá ọmọ náà ṣeré díẹ̀, ó wo ojú ẹ̀, irun ẹ̀, ikùn ẹ̀, àwọn àpá yẹn, ó sì fà mí lọ sí kíṣìnnì. Ó ti ń sunkún kó tó la ẹnu. Ó ní kí n má fún un lóúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan o, díẹ̀díẹ̀ ni, torí inú tí ebi ti pa pẹ́ kì í gba ọ̀pọ̀ lójijì, pé kí n gbé e wá sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọ̀la, kí n má fi falẹ̀. Ó ní àwa Yorùbá, a ti mọ ìyà tí wọ́n fi pàṣán jẹ ọmọ, àmọ́ èyí tí wọ́n fi àwo òfìfo jẹ ẹ́, a kì í rí i, ìyà kan náà sì ni. Ó ní ọmọ tí kì í sunkún kì í ṣe akọni, ó ti sun ún títí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn ni. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kì í béèrè nǹkankan, tí kì í ṣe ìjàǹgbọ̀n, tó ń wojú àgbà kó tó mí, kí n má sọ pé ẹ̀kọ́ nìyẹn mọ́, ẹ̀rù ni. Mo ní báwo la ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀? Ó ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ máa ń gbàgbé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á hùwà ọmọdé. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbàgbé. Ó ní òun mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì wẹ́fíà tí wọ́n ti ń gbèjà ọmọdé, kí n jẹ́ ká jọ lọ lọ́la kí wọ́n tó fi orúkọ mìíràn pè mí. Mo ní kó fún mi láyè kí n ronú. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Orúkọ wo ni wọ́n máa pè mí? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Gbọ́mọgbọ́mọ! Àgàn tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Ta ló máa gbà mí gbọ́, èmi tàbí Àlàájà tó ń wàásù ọmọ títọ́? Lánàá, wọ́n gbé ohùn ẹ̀ sórí rédíò. Ó ń sunkún. Ó ní híjáàbù àwọ̀ ewé ló wà lọ́rùn ọmọ náà, ó gbé abọ́ ike dání, ó ní kí ẹni tó bá rí i má wulẹ̀ fi oúnjẹ tàn án, torí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, kò ní jẹ. Ó tún fi yangàn! Nínú ẹkún, ó ṣì fi yangàn! Mo pa rédíò kí ọmọ náà má baà gbọ́, àmọ́ ó ti gbọ́, ó ti dìde, ó ń wá bàtà ẹ̀. Ọkọ mi ti pè, ó bi mí ibi tí a ti pínyà. Mo ní oríta. Mo parọ́, ó sì gbà mí gbọ́, ó ní kí n bá àwọn ṣàdúà.

Mo tiẹ̀ wá nọ́ńbà ìyá ọmọ náà ní Ìkòyí-Ilé, mo pè é. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni ọmọ náà ṣe, ṣé ó jalè ni? Mo ní kò jalè. Mo sọ ohun tí mo rí. Ó wá sọ pé lọ́jọ́ tí òun lọ wò ó gbẹ̀yìn, Àlàájà gbé ẹran síwájú ọmọ náà, òun sì wò ó tó dúró, inú òun dùn pé ọmọ òun ti di ọmọ gidi, òun pàtẹ́wọ́. Ìyá tó bí i! Ó wá ń sunkún, ó ní kí n dá a padà fún wọn kí wọ́n má baà gbé òun àti èmi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ó tún ní kí n má dá a padà, kí n ṣàánú òun. Èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì?

Ohun mìíràn wà tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí. Lánàá, ara ọmọ náà gbóná, mo fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì bọ́ sí mi lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Orí ẹ̀ wà ní palapálá èjìká mi, ó sùn, ó sì dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé nítorí ẹ̀ ni mo fi gbé e ni, àbí nítorí ara mi? Tí mo bá ti ní ọmọ tèmi, ṣé mi ò bá ti fi í sílẹ̀ ní oríta yẹn? Ẹ má tàn mí o, ẹ sọ òótọ́.

Láàárọ̀ òní mo se ìrẹsì, díẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Mo fi ẹran kan sórí ẹ̀, kékeré. Mo gbé e síwájú ẹ̀ lórí àpótí, láìronú, àpótí ṣáà ló wà nítòsí. Mo pè é lórúkọ ẹ̀, orúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ sọ ọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Mi ò lè kọ ọ́ síbí torí òun ni rédíò ń pè. Ẹ̀rù bà á. Ó ní ìyàwó wa, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ o, wọ́n máa bú yín. Mo ní kò sẹ́ni tó máa bú mi níbí, mo ní kó máa jẹun, tiẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀. Mo wọ kíṣìnnì lọ bu omi. Nígbà tí mo padà dé, ọmọ náà ti dìde. Ó dúró gbọnrangandan níwájú àwo, ọwọ́ lẹ́yìn, ọ̀fun ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹran wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e sí. Ó gbójú sókè wò mí... Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń wo ojú yẹn láti àárọ̀, mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ó ń dúró kí n pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi ń bọ̀ lọ́la, ọkọ̀ àárọ̀ ló máa wọ̀. Ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ ilé yìí wà lápò ẹ̀. Ṣé kí n tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn àti wẹ́fíà kó tó dé, kí ìgbéyàwó mi sì fọ́? Tí mo bá lọ, ṣé wọn ò ní kàn sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí wọ́n dá a padà fún Àlàájà, kí ó tún wá gbé ẹran síwájú ẹ̀ fún àwọn tó bá bá a yọ̀ pé ọmọ ẹ̀ ti padà? Ṣé ẹ mọ ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí òfin sì gbèjà ọmọ? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, mo ti bú ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kẹ́ni náà kọ́kọ́ bá mi dáhùn èyí, torí ìrẹsì ti tutù, ọmọ náà ò sì tíì jókòó: báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kó mọ̀ pé ẹran tó wà níwájú ẹ̀ yìí, tiẹ̀ ni?